Kílọ́ọ̀ṣì Kọ̀ Lẹ́yìn Tí Gíábọ́ọ̀sì Padà Sábẹ́ Ọkọ̀: Bí Ẹ Ṣe Lè Wá Ìdí Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ akérò tí ń ná Òṣogbo sí Ìkìrun, sí Ẹdẹ àti sí Ìlobùú ni a ṣì ń fọwọ́ yí gíà wọn, bí wọ́n bá sì pẹ́ lójú ọ̀nà, iṣẹ́ kílọ́ọ̀ṣì kò ní ṣaláì gbé wọn dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ náà ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Wọ́n ti sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀, wọ́n ti pààrọ̀ díìsì tàbí wọ́n ti dí ibi tí ọ́ìlì ti ń jò, wọ́n sì ti dá gbogbo rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì, gíà kọ̀, kò wọlé. Tàbí ó wọlé ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò rìn bó ṣe yẹ. Tàbí pẹ́dà lọ sílẹ̀ pátápátá, kò sì gbéra mọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣe lójú ẹsẹ̀ ni kí wọ́n tún sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú àléébù tí ń yọjú lẹ́yìn irú iṣẹ́ yìí ló wà níta, níbi tí ojú àti ọwọ́ lè dé láìtú bọ́lútì gíábọ́ọ̀sì kan ṣoṣo, àwọn tí ó sì wà nínú lóòótọ́ máa ń fi ara wọn hàn bí a bá yẹ̀ wọ́n wò létòlétò.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rán ara wa létí bí kílọ́ọ̀ṣì ṣe ń ṣiṣẹ́. Flywheel, irin roboto tí ó wúwo, ni a dè mọ́ ẹ́ńjìnnì, a sì fi bọ́lútì de pressure plate, àwo irin onísípíríǹgì, mọ́ flywheel. Díìsì wà láàrin àwọn méjèèjì, ṣáàfù gíábọ́ọ̀sì sì wọ inú ihò eléyín tí ó wà láàrin díìsì náà. Nígbà tí ẹsẹ̀ kò bá sí lórí pẹ́dà, pressure plate há díìsì mọ́ flywheel, agbára ẹ́ńjìnnì sì ń kọjá sí gíábọ́ọ̀sì. Bí a bá tẹ pẹ́dà, fọ́ọ̀kì, apá irin tí ó wà lára gíábọ́ọ̀sì, á ti release bearing, òrùka irin tí ń yí, bearing náà á tẹ àwọn ìka tí ó wà láàrin pressure plate, díìsì á sì bọ́ kúrò nínú ìhámọ́. Àyè tí díìsì ń rí nígbà yẹn kéré gan-an, kì í sábà tó mílímítà kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyí tí afẹ́fẹ́ díẹ̀ nínú páìpù, tàbí fọ́ọ̀kì tí ó yẹ̀ díẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀, fi lè sọ gbogbo iṣẹ́ di asán.

Kí ẹ tó wọ abẹ́ ọkọ̀

Orí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú tí ó sì le ni kí ẹ gbé ọkọ̀ sí. Lásìkò òjò, ilẹ̀ ọgbà mẹkáníìkì tí wọn kò da kọnkéré sí máa ń rọ̀, jáàkì sì lè rì láìfura, nítorí náà ẹ fi pákó tí ó fẹ̀ tí ó sì nípọn sábẹ́ rẹ̀. Ẹ má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. Ẹ má sì ṣe fi búlọ́ọ̀kù ilé gbé e ró, nítorí búlọ́ọ̀kù lè fọ́ lẹ́ẹ̀kan náà láìsí àmì kankan tẹ́lẹ̀. Irin ìdúró ni kí ẹ lò, kí ẹ sì fi igi tàbí òkúta há àwọn táyà tí ó bá wà nílẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, tọ́ọ̀ṣì, rúlà, sípánà díẹ̀, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń fi inú hàn, ike kékeré kan àti ẹnìkan tí yóò máa tẹ pẹ́dà ti tó.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ dán gíà wò láìtan ẹ́ńjìnnì

Ẹ jókòó sídìí ọkọ̀, ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, kí ẹ sì fi ọ̀pá gíà sí gíà kọ̀ọ̀kan títí dé ríbáàsì. Bí gíà kan bá kọ̀, ẹ tú pẹ́dà sílẹ̀, ẹ ti ọkọ̀ díẹ̀ síwájú, kí ẹ tún gbìyànjú, torí ó lè jẹ́ pé eyín gíà méjì ló forí kanrí. Bí gíà bá ṣì kọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti kílọ́ọ̀ṣì: kébù gíà tàbí ọ̀pá tí ó so ọ̀pá gíà pọ̀ mọ́ gíábọ́ọ̀sì ni wọn kò dá padà sí ipò rẹ̀. Ẹ lọ sí ibẹ̀ tààrà. Bí gbogbo gíà bá wọlé wẹ́rẹ́, tí ó sì jẹ́ pé ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ nìkan ni wọ́n ń kọ̀, a jẹ́ pé díìsì ni kò bọ́ kúrò lára flywheel, ìyókù ìtọ́sọ́nà yìí sì kàn yín.

Ìgbésẹ̀ kejì: ohun tí ẹsẹ̀ ń gbọ́

Pẹ́dà tí ó rọ̀ tí ó sì lọ sílẹ̀ láìsí agbára ń tọ́ka sí afẹ́fẹ́ nínú páìpù tàbí sílíńdà tí rọ́bà inú rẹ̀ ti bàjẹ́, bí ọkọ̀ náà bá jẹ́ èyí tí ń lo òróró bíréèkì fún kílọ́ọ̀ṣì. Bí ó bá jẹ́ oníkébù, a jẹ́ pé kébù ti bọ́ lórí ìkọ́ rẹ̀. Pẹ́dà tí ó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lè jẹ́ nítorí pé pressure plate tuntun lágbára ju èyí tí ó ti gbó lọ, èyí kò sì burú. Ṣùgbọ́n bí ó bá le débi pé ẹsẹ̀ kò lè tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀, ẹ má fi tipá tẹ̀ ẹ́. Ó ṣeé ṣe kí release bearing ti wọ́, kí fọ́ọ̀kì ti bọ́ lórí ibi tí ó ń gun, tàbí kí kébù ti ká níbì kan, bí ẹ bá sì fi ipá kún un, ẹ ó ṣẹ́ ohun tí kò tíì ṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wo fọ́ọ̀kì

Bí ẹ kò bá ní àkókò fún ìgbésẹ̀ mìíràn, ẹ má ṣe fo èyí, nítorí òun ló ń pín àléébù ìta níyà kúrò lára àléébù inú. Nínú Toyota Hiace àti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí a kọ́ bíi tirẹ̀, sílíńdà méjì ló wà: ti òkè, tí pẹ́dà ń tì, àti ti ìsàlẹ̀, tí ó wà lára gíábọ́ọ̀sì tí ó sì ń ti fọ́ọ̀kì. Àwọn ni ẹ ó bèèrè ní upper àti lower bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ta páàtì. Kí ẹnìkan máa tẹ pẹ́dà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ̀yin sì gbé tọ́ọ̀ṣì àti rúlà sí ìdí sílíńdà ìsàlẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ọ̀pá tí ó jáde láti inú sílíńdà náà máa ń rìn bíi mílímítà 10 sí 15 kí kílọ́ọ̀ṣì tó lè tú dáadáa. Iye gan-an fún ọkọ̀ yín wà nínú ìwé àtúnṣe rẹ̀.

Bí pẹ́dà bá lọ sílẹ̀ tí ọ̀pá náà kò rìn, tàbí tí ó kàn mira díẹ̀, ìta ni àléébù wà, kò sì sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan bọ́lútì gíábọ́ọ̀sì. Bí ọ̀pá bá rìn tó bí ó ṣe yẹ, tí fọ́ọ̀kì náà sì tẹ̀lé e láìyẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, síbẹ̀ tí gíà kò wọlé, a jẹ́ pé inú ni ọ̀rọ̀ wà. Ìrìn kan tún wà tí ó máa ń tan ènìyàn jẹ: ọ̀pá náà rìn dáadáa, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀kì ń mì jẹ̀lẹ̀jẹ̀lẹ̀ láìsí ìnira kankan. Èyí túmọ̀ sí pé fọ́ọ̀kì kò di bearing mú, tàbí pé ó ti jábọ́ lórí bọ́lútì olórí rogodo tí ó ń gun.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ awakọ̀, tí ẹ kì í ṣe mẹkáníìkì, ẹ lè fi ọ̀wọ̀ béèrè ìdánwò yìí: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tẹ pẹ́dà kí ẹ bá mi wo bí fọ́ọ̀kì ṣe ń rìn ná." Ọ̀gá tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú sí ìbéèrè yẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: yíyọ afẹ́fẹ́ kúrò

Ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni tẹ pẹ́dà nígbà tí gíábọ́ọ̀sì wà nílẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tí ó wọlé láti yí stíárìn tàbí láti ti ọkọ̀ máa ń gbàgbé, wọ́n á sì tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Bí sílíńdà ìsàlẹ̀ bá ń rọ̀ dirodiro nígbà náà, kò sí fọ́ọ̀kì tí yóò dá písítìnnì rẹ̀ dúró, yóò sì jáde kọjá ààlà, òróró á dà, afẹ́fẹ́ á wọlé, rọ́bà inú rẹ̀ sì lè ya. Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ ṣí rọ́bà tí ó bo ẹnu sílíńdà náà kí ẹ wò ó. Bí òróró bá wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ pààrọ̀ rọ́bà inú tàbí sílíńdà náà, nítorí afẹ́fẹ́ tí ẹ bá yọ lónìí yóò padà lọ́la. Nígbà mìíràn, ẹ lẹ ìwé mọ́ stíárìn pé kí ẹnikẹ́ni má tẹ kílọ́ọ̀ṣì.

Òróró bíréèkì tí wọ́n kọ sórí ìdérí agolo kékeré tí òróró sílíńdà òkè wà nínú rẹ̀ ni kí ẹ lò, ì báà jẹ́ DOT 3 tàbí DOT 4. Mo fi tọkàntọkàn bẹ̀ yín, ẹ má ṣe da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì stíárìn tàbí omi ọṣẹ sí i, bí ó ti wù kí ọ̀ràn náà kán yín lójú tó. Ọ́ìlì máa ń mú kí àwọn rọ́bà inú sílíńdà wú, bí wọ́n bá sì ti wú, gbogbo wọn ni ẹ ó pààrọ̀, àti ti bíréèkì pẹ̀lú bí àwọn méjèèjì bá ń pín agolo kan lò. Òróró tí ó ti wà ní ṣíṣí tipẹ́ kò dára, torí ó máa ń fa ọ̀rinrin láti inú afẹ́fẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ó kán sára ọ̀dà ọkọ̀. Bí ó bá kán, ẹ tètè fi omi ṣàn án.

Ẹ rọ òróró dé ìlà òkè agolo. Ẹ fi ìpẹ̀kun rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sẹ́nu bọ́lútì kékeré oníhò tí ó wà lára sílíńdà ìsàlẹ̀, kí ẹ sì ri ìpẹ̀kun kejì sínú òróró díẹ̀ tí ẹ ti rọ sínú ike. Kí ẹni tí ó wà lókè tẹ pẹ́dà sílẹ̀ jẹ́jẹ́, kí ó dì í mú níbẹ̀, kí ó sì pe "Mo ti dì í mú." Ìgbà náà ni kí ẹ tú bọ́lútì kékeré náà díẹ̀, òróró àti afẹ́fẹ́ á jáde. Ẹ tún un dè kí ẹni náà tó gbé ẹsẹ̀ sókè, nítorí bí ó bá gbé ẹsẹ̀ nígbà tí bọ́lútì ṣì wà ní ṣíṣí, afẹ́fẹ́ tí ẹ ń lé lọ ni yóò tún fà wọlé. Ẹ máa ṣe é bẹ́ẹ̀ títí tí kò fi ní sí hóó kankan nínú rọ́bà mọ́, kí ẹ sì máa wo agolo òkè léraléra, torí bí òróró rẹ̀ bá gbẹ, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí pẹ́dà bá ṣì rọ̀ lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ wo ipò tí sílíńdà ìsàlẹ̀ wà. Nínú àwọn ọkọ̀ kan, ẹnu bọ́lútì ìyọ-afẹ́fẹ́ kì í ṣe ibi tí ó ga jù, afẹ́fẹ́ á sì sá pamọ́ sókè rẹ̀. Ẹ tú sílíńdà náà kúrò lára gíábọ́ọ̀sì, ẹ gbé e kí ẹnu náà kọjú sókè, kí ẹ fi okùn tàbí wáyà di ọ̀pá rẹ̀ mọ́ inú kí ó má baà jáde, kí ẹ sì tún yọ afẹ́fẹ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí pẹ́dà bá le nígbà tí ẹ ń tẹ̀ ẹ́ léraléra, ṣùgbọ́n tí ó ń rì díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ẹ bá dì í mú sílẹ̀, tí ẹ kò sì rí ibi tí òróró ti ń jò, rọ́bà inú sílíńdà òkè ni kò ṣiṣẹ́ mọ́.

Fún àwọn ọkọ̀ oníkébù

Àwọn Golf àtijọ́ wọ́pọ̀ níbí, ìtọ́jú kílọ́ọ̀ṣì wọn sì rọrùn. Ẹ fi ọwọ́ tẹ pẹ́dà: ó yẹ kí ó rìn díẹ̀, bíi mílímítà 15 sí 20, kí ẹ tó gbọ́ pé ó ti kan iṣẹ́. Bí kò bá ní àyè yìí rárá, bearing á máa tẹ pressure plate nígbà gbogbo, kílọ́ọ̀ṣì á sì máa yọ̀, ìyẹn ni pé ẹ́ńjìnnì á máa yí láìgbé ọkọ̀ bó ṣe yẹ. Bí àyè náà bá pọ̀ jù, díìsì kò ní bọ́, gíà á sì máa ké. Níbi tí kébù ti wọ gíábọ́ọ̀sì ni ẹ ó ti rí nọ́ọ̀tì tí a fi ń tún un ṣe, àyàfi bí kébù náà bá jẹ́ irú èyí tí ń tún ara rẹ̀ ṣe.

Ẹ kíyè sí èyí nípa Golf tí ń lo gíábọ́ọ̀sì 020. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló gba inú ṣáàfù gíábọ́ọ̀sì kọjá láti ti kílọ́ọ̀ṣì, release bearing rẹ̀ sì wà ní ìdí gíábọ́ọ̀sì, lẹ́yìn ìdérí irin kékeré kan. Bí wọ́n bá gbàgbé láti dá ọ̀pá náà padà, kò sí bí ẹ ṣe lè tún kébù ṣe tó tí kílọ́ọ̀ṣì yóò fi tú, ẹ sì lè yẹ̀ ẹ́ wò láti ibi ìdérí náà láìsọ ohunkóhun kalẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìdánwò táyà kan

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ há àwọn táyà tí ó wà nílẹ̀, kí ẹ sì fi jáàkì gbé ẹyọ kan ṣoṣo nínú àwọn táyà tí ẹ́ńjìnnì ń yí, kí ẹ gbé e lé irin ìdúró. Ẹyọ kan ni mo wí, nítorí bí méjèèjì bá wà lókè, ọ̀kan á máa yí padà sẹ́yìn bí ẹ bá ti ń yí èkejì, ìdánwò náà kò sì ní sọ òótọ́. Bí ó bá jẹ́ pé táyà ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì ń yí, bíi ti Hiace, ẹ tú bíréèkì ọwọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti há táyà iwájú dáadáa. Ẹ fi sí gíà kìn-ín-ní, kí ẹ sì fi ọwọ́ gbìyànjú láti yí táyà náà: kò gbọdọ̀ yí. Kí ẹnìkan wá tẹ kílọ́ọ̀ṣì dé ìsàlẹ̀: ó gbọ́dọ̀ yí. Bí kò bá yí nígbà tí pẹ́dà wà nílẹ̀, tí fọ́ọ̀kì sì ti rìn tó ní ìgbésẹ̀ kẹta, a ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé inú ni díìsì ti há.

Ẹ ṣì ní ohun kan láti gbìyànjú bí ọkọ̀ náà bá ti jókòó fún ìgbà pípẹ́ láìṣiṣẹ́, pàápàá lásìkò òjò. Ìpẹtà lè lẹ díìsì mọ́ flywheel. Ní pápá gbalasa tí kò sí ènìyàn, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, ẹ pa á, ẹ fi sí gíà kìn-ín-ní, ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì dé ìsàlẹ̀ kí ẹ sì tan án. Ọkọ̀ á máa lọ. Ẹ dì kílọ́ọ̀ṣì mú sílẹ̀, kí ẹ máa tẹ iná kí ẹ sì máa tú u sílẹ̀ lójijì. Díìsì tí ó lẹ̀ sábà máa ń já lọ́nà yìí. Bí kò bá já, ẹ tẹ bíréèkì kí ẹ sì pa ẹ́ńjìnnì.

Bí kílọ́ọ̀ṣì bá ń yọ̀, tí ó ń gbọ̀n, tàbí tí ó ń pariwo

Láti mọ̀ bóyá ó ń yọ̀, ẹ fa bíréèkì ọwọ́ dáadáa, ẹ tẹ bíréèkì ẹsẹ̀, ẹ fi sí gíà kẹta, kí ẹ sì tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ kú. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́ lọ láìkú, kílọ́ọ̀ṣì ń yọ̀. Ẹ má ṣe é léraléra, torí ó ń jó díìsì. Gírísì tàbí ọ́ìlì lára díìsì ló máa ń fa èyí jù lẹ́yìn iṣẹ́, tàbí pẹ́dà tí kò ní àyè, tàbí òróró tí kò lè padà sínú agolo nítorí pé ọ̀pá sílíńdà òkè gùn jù.

Gbígbọ̀n nígbà tí ọkọ̀ bá ń gbéra sábà máa ń wá láti ara ọ́ìlì lórí díìsì, bọ́lútì pressure plate tí wọn kò dè dọ́gba, tàbí síìtì ẹ́ńjìnnì (rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé) tí wọn kò fún padà.

Ní ti ariwo, ẹ fi gíà sí fíríì. Ariwo tí ó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì jẹ́ ti release bearing. Èyí tí ó wà nígbà tí ẹsẹ̀ kò sí lórí pẹ́dà, tí ó sì dákẹ́ bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ti bearing ṣáàfù inú gíábọ́ọ̀sì ni.

Bí ó bá di dandan kí gíábọ́ọ̀sì tún wálẹ̀

Ẹ wo bóyá wọ́n fi díìsì sódì. Ọ̀pọ̀ díìsì ni wọ́n kọ ẹ̀gbẹ́ tí yóò kọjú sí flywheel tàbí sí gíábọ́ọ̀sì sí lára, apá tí àárín rẹ̀ yọ gọngọ sì sábà máa ń kọjú sí gíábọ́ọ̀sì. Ẹ wo bóyá àárín díìsì ti wọ́, torí bí gíábọ́ọ̀sì bá rọ̀ lórí rẹ̀ láìsí ohun tí ó gbé e ró nígbà ìfisípò, ìwọ̀n rẹ̀ máa ń tẹ díìsì náà. Ẹ wo àwọn ìkọ́ tí ó di release bearing mú mọ́ fọ́ọ̀kì, bearing kékeré tí ó wà lẹ́nu ẹ́ńjìnnì níbi tí orí ṣáàfù wọ̀, àti àwọn píìnì tí ń tọ́ gíábọ́ọ̀sì sí ipò. Bí ọ́ìlì bá wà, ẹ wá orísun rẹ̀: ṣé láti ìdí ẹ́ńjìnnì ni, àbí láti ẹnu ṣáàfù gíábọ́ọ̀sì. Bí ẹ bá ń lo díìsì tòkunbọ̀, ẹ wọn bí orí ríbẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣe jìn sí. Toyota kò gbà kí ó dín ní mílímítà 0.3.

Nígbà tí ẹ bá ń dá a padà, ẹ fi kẹ́míkà ìfọ-bíréèkì nu flywheel àti pressure plate, kí ẹ sì fi gírísì tínrín gan-an pa eyín ṣáàfù, kí ẹ nu èyí tí ó bá ṣẹ́kù kúrò. Ẹ fi ọ̀pá ìtọ́ tàbí ṣáàfù àtijọ́ fi díìsì sí àárín gbùngbùn, kí ẹ sì de bọ́lútì pressure plate díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Ọwọ́ ni kí ẹ fi ti gíábọ́ọ̀sì títí yóò fi pàdé ẹ́ńjìnnì. Ibi tí wọ́n ti ń fi bọ́lútì fa gíábọ́ọ̀sì wọlé ni díìsì ti ń wọ́ tí etí gíábọ́ọ̀sì sì ń là. Bí àlàfo bá ṣẹ́kù, nǹkan kan kò sí ní ipò rẹ̀: ẹ fà á sẹ́yìn kí ẹ tún un tò.

Lójú ọ̀nà

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní àdúgbò tí kò sí súnkẹrẹ. Pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tí ń ṣiṣẹ́, ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ẹ ka ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta sí márùn-ún, kí ẹ tó fi sí ríbáàsì. Bí ó bá ṣì ké lẹ́yìn ìdúró yẹn, díìsì kò tíì bọ́ tán. Lẹ́yìn náà, ẹ gun afárá Ọláìyá ní gíà kẹta ní àsìkò tí ọ̀nà bá fúyẹ́, kí ẹ sì tẹ iná díẹ̀: ìró ẹ́ńjìnnì àti eré ọkọ̀ gbọ́dọ̀ jọ gòkè. Bí ẹ́ńjìnnì nìkan bá ń ké tí ọkọ̀ kò yára, ó ń yọ̀.

Díìsì tuntun nílò ìwakọ̀ jẹ́jẹ́ fún bíi kìlómítà 800 kí ojú rẹ̀ tó bá flywheel mu, nítorí náà ẹ má tètè fi ẹrù wúwo sí ọkọ̀ náà lọ sí ọ̀nà Iléṣà tí ó kún fún òkè. Láàrin ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ máa ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ní àárọ̀ kí ẹ wo ìlà òróró inú agolo, kí ẹ sì tún fi sípánà kan àwọn bọ́lútì gíábọ́ọ̀sì àti ti síìtì ẹ́ńjìnnì.